Òkú Abẹ́ Àsíá: Àgbéyẹ̀wò Sinimá October 1

Ẹni tí ó bá ti ka Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969 mọ̀ pé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í dúró lórí ọ̀daràn nìkan. Ìlú fúnra rẹ̀ ni ó máa ń tú wò. Ojú yìí ni mo fi wo October 1, sinimá tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2014, tí Túndé Babalọlá kọ ìtàn rẹ̀. Ní 1960, bí òmìnira ti ń kanlẹ̀kùn, ìjọba rán ọlọ́pàá ará Òkè Ọya kan, Danladi Waziri, lọ sí ìlú Akote láti wá ẹni tí ó ń fipá bá àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lò pọ̀, tí ó sì ń pa wọ́n.

Orúkọ inú ìtàn náà kò ṣàdédé wá. Afọ̀njá ni sájẹ́ńtì tí ó ń ran Waziri lọ́wọ́. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò gbọ́ Afọ̀njá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Waziri tí kò ní rántí Ìlọrin? (Káyọ̀dé Ọláìyá tí ó ṣe Afọ̀njá kò fi iṣẹ́ náà ṣeré rárá.) Nígbà tí wọ́n wá mú ará Òkè Ọya kan sí ọ̀rọ̀ ikú ọmọ Okafor, Okafor, ọmọ Ìgbò, kò dúró de ìdájọ́, àdá ni ó fi pa á. Ọdún méje péré ni ó kù kí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Ilé kan ní Deco Road ní Warri ni mo ti wo sinimá yìí, láàárín àwọn Itsekiri, Urhobo àti Ìgbò. Bí àdá náà ti balẹ̀, kẹ́kẹ́ pa mọ́ àwọn àgbà ibẹ̀ lẹ́nu. Ìjà Warri ti 1997 ṣojú wọn, nígbà tí ọ̀rọ̀ gbígbé ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ láti Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben sọ aládùúgbò di ọ̀tá ara wọn.

Adérọ́pò ọmọ ọba ni apànìyàn náà. Àlùfáà òyìnbó tí ó mú un lọ kàwé ní Èkó ni ó bà á jẹ́ ní kékeré, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n dìde sí owó orí ní 1968 yóò mọ ibi tí wọ́n ti rí orúkọ yẹn.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó gbé sinimá náà ga. Lápàdé inú ìwé Òkédìjí ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀; kò sí ọ̀gá tí yóò pa á lẹ́nu mọ́. Waziri ní ọ̀gá, òyìnbó sì ni wọ́n. Wọ́n ní kí ó bo òótọ́ mọ́lẹ̀, kí ayẹyẹ òmìnira má baà dàrú. Bẹ́ẹ̀ ni àsíá tuntun ṣe gòkè lórí òkú tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ ohun tí ó pa wọ́n.

Níbì kan ni mo ti bá àwọn òǹṣe rẹ̀ jà. Wọ́n jẹ́ kí a mọ ìrora Adérọ́pò dé gbòǹgbò, ṣùgbọ́n òkú àwọn ọmọbìnrin tí kò ṣẹ̀ ẹ́ nìkan ni a fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí ó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ títí Aláké fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949, wà níbẹ̀, àmọ́ ó kàn yọjú ni. Tawa nìkan, tí í ṣe olùkọ́, ni a gbọ́ ohùn rẹ̀ tó bí ó ti yẹ. Òun náà sì rèé, ọwọ́ apànìyàn ni wọ́n fi í lé kí ìtàn tó parí.