Ohùn Àgbà Nínú Orin Èwe: Black Sabbath ní Birmingham
Ní ọjọ́ 5, oṣù Keje, ọdún 2025, àwọn mẹ́rin tó dá ẹgbẹ́ olórin heavy metal Black Sabbath sílẹ̀ tún péjọ ní Birmingham, ìlú wọn. Orin mẹ́rin péré ni wọ́n kọ, gbogbo wọn láti inú àwo ọdún 1970. Orí àga ni Ozzy Osbourne, tí àrùn Parkinson ń bá fínra, ti kọrin. Ohùn rẹ̀ ń yẹ̀. Àwọn kan lè ka èyí sí àbùkù. Àwa kò gbà. Kí àwo wọn kankan tó jáde ni ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ti gé ṣóńṣó ìka méjì Tony Iommi, ẹni tó ń ta gìtá fún wọn. Ó yọ́ ike fi bo ìka, ó fi okùn fẹ́lẹ́ sí gìtá. Ara tó pé kọ́ ló bí àwọn orin yìí. Metallica, tó ṣaájú wọn, kọ orin Sabbath dáadáa; síbẹ̀, ìlù Bill Ward tó ń lọ́ra díẹ̀ ló wọ̀ wá lára jù.