Ilé Tó Wó Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: mo fẹ́ràn àtimáa wo ilé tó ń wó nínú fíìmù. Nígbà tí mo wo 2012, èyí tí Roland Emmerich gbé jáde ní ọdún 2009, ńṣe ni mò ń pàtẹ́wọ́ bí Los Angeles ṣe ń rì. N ò rántí pé èèyàn wà nínú àwọn ilé yẹn. Àbùkù fíìmù ọ̀hún nìyẹn lójú mi báyìí: ilẹ̀ ló mì, ilé sì wó, kò sí ẹni tá a lè bi pé kí ló dé.

Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń gbé ní Àgọ́ Palace fi Blender ṣe eré kékeré kan, níbi tí ilé alájà mẹ́ta ti wó sẹ́bàá títì. Ó fi àkọ́ṣe rẹ̀ hàn mí. Háà! Ilé fọ́ wẹ́wẹ́ bíi gíláàsì, ó sì ti délẹ̀ kí n tó ṣẹ́jú. Ó ti fi ìwọ̀n ilé náà sí kékeré. Kọ̀ǹpútà rò pé páálí bàtà ni. Òkúta tó bá já láti òkè mítà 12 á lò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan àtààbọ̀ kó tó kanlẹ̀. Ó tún un ṣe, ó wá da eruku bò ó. Eruku, jàre, ni wọ́n fi ń bo iṣẹ́ tí kò pé.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ bíríkìlà wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní, "Irin dà? Ṣé ẹ ò fi irin sí i ni?" Ó parí! Bí kọ̀ǹkéré bá fọ́, irin inú rẹ̀ kì í jẹ́ kó tú ká. Á rọ̀ dirodiro. Dẹ́kìn á sùn lé dẹ́kìn.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ yìn. Nínú Blender, èèyàn ló ń kọ iye agbára tó so èérún kan mọ́ èkejì. Ọ̀rẹ́ mi kọ nọ́ńbà kékeré sí òpó kan ṣoṣo nísàlẹ̀, níwájú ṣọ́ọ̀bù. Òun fúnra rẹ̀ ló wá di agbaṣẹ́ṣe tó dín irin kù. Òpó yẹn tẹ̀. Fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, nǹkan mìíràn ò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ẹ̀ wálẹ̀.

N ò pàtẹ́wọ́. Ìta-Fájì ló wá sí mi lọ́kàn, ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀; àti ilé alájà 21 ní Gerrard Road, Ìkòyí, ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, tó pa èèyàn tó lé ní 40.

Ẹjọ́ kan ló kù tí mo ní í rò. Bí eruku ṣe sọ báyìí, eré parí. L'Ékòó ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: àwọn tó ń fọwọ́ lásán wú búlọ́ọ̀kù, àwọn tó ń pe orúkọ. Mo sọ fún un. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni NEPA ti mú iná lórí iṣẹ́ yẹn, ta ló fẹ́ ra epo jẹnẹrétọ̀? Mo ní kò dáa, kó jẹ́ eruku nìkan la máa rí, ṣùgbọ́n ká gbọ́ kí ẹnì kan máa pe orúkọ.

Kò tíì dá mi lóhùn.