Ẹ̀rọ Orin Tòkunbọ̀ àti Àwo Orin Ará Douala

Ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí a sì gbé wá sílé, ni àwọn baba wa ń sọ ní Tòkunbọ̀. Láyé òde òní, orúkọ náà kò mọ lára ènìyàn mọ́. Ó ti di ti ọkọ̀, ti bàtà, àti ti ohun gbogbo tí ẹlòmíràn ti lò lókè òkun kí ó tó dé ọwọ́ wa. Ní Douala, ìlú èbúté ńlá ilẹ̀ Kamẹrúùnù tí ó wà létí odò Wouri, "occasion" ni àwọn elédè Faransé ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjà wọ̀nyí, yálà ní Douala tàbí ní Èkó, ni a ti lè rí ẹ̀rọ kan tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò: risífà sítẹ́ríò àtijọ́, èyí tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980. Àwọn kan ń yìn ín bí ẹni ń yin òrìṣà; àwọn mìíràn ń fi í ṣe ẹlẹ́yà pé àkísà ẹ̀rọ ni. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì kò tíì dá ẹjọ́ náà bí ó ti yẹ, nítorí pé ara ẹ̀rọ ni wọ́n ń wò. Wọn kò bi orin léèrè.

Kí ni risífà? Àpótí kan ni, tí rédíò àti ampilifáyà jùmọ̀ ń gbé inú rẹ̀. Rédíò a gba ohùn tí ó gba ojú ọ̀run wá. Ampilifáyà a fún ohùn tí kò lágbára ní okun tí yóò fi lè mi sípíkà méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni ojú ihò wà tí a ń ki okùn ẹ̀rọ àwo orin bọ̀. Òmíràn tún wà, tí wọ́n kọ AUX sí, tí ó lè gba okùn fóònù òde òní. Pioneer, Sansui, Kenwood àti Marantz wà lára àwọn tí orúkọ wọn ròkè jù lọ nínú iṣẹ́ yìí nígbà náà. Ẹ fi èyí wé àpótí Rediffusion tí ó dé Èkó ní ọdún 1935: ohun tí ilé iṣẹ́ bá fi ránṣẹ́ nìkan ni àpótí yẹn ń sọ, onílé kò sì ní ju kí ó gbọ́ tàbí kí ó pa á lọ. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní risífà ni ó ń yan ohun tí yóò gbọ́, àti bí yóò ti gbọ́ ọ.

Ó yẹ kí a la ọ̀rọ̀ sítẹ́ríò yìí yé ara wa. Àwọn àgbà ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún etí. Bí ohùn bá ń ti ojú kan ṣoṣo jáde, ńṣe ni àwọn olórin yóò dàbí ẹni tí ó tò tẹ̀lé ara wọn ní ojú ọ̀nà tóóró. Ẹni iwájú bo ẹni ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1931 ni Alan Blumlein, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n gbígba ohùn sílẹ̀ lọ́nà méjì, ṣùgbọ́n ó di nǹkan bí ọdún 1958 kí àwo orin sítẹ́ríò tó di ohun tí a ń rí rà káàkiri. Láti ìgbà náà ni onílé ti lè jókòó sáàárín sípíkà méjì, kí ó sì mọ ibi tí onílù dúró sí àti ibi tí onífèrè dúró sí, bí ẹni pé wọ́n wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi àwo orin kan dán ẹ̀rọ náà wò. Ní Douala ni wọ́n bí Manu Dibango sí ní ọjọ́ 12, oṣù Disẹ́mbà, ọdún 1933. Ní ọdún 1949 ni wọ́n rán an lọ kàwé ní ilẹ̀ Faransé. Kílò kọfí mẹ́ta tí ó gbé dání láti fi san owó fún àwọn tí yóò gbà á sílé ni ó fi sọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ lórúkọ. Nígbà tí Kamẹrúùnù gba ìdíje Ife Ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà lálejò ní ọdún 1972, ó ṣe orin ìyìn fún ìdíje náà, ó sì fi orin mìíràn sí ojú kejì àwo. Orúkọ orin ojú kejì yìí ni "Soul Makossa". Orin ìdíje di ìgbàgbé. Orin ojú kejì ni gbogbo ayé gbé jó.

Bí a bá ka ọ̀rọ̀ inú orin yìí sórí ìwé, kò ní kún ojú ewé kan. Ẹni tí ó bá ní ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀ kò purọ́. Ohùn Dibango fúnra rẹ̀ sún mọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ju orin kíkọ lọ. Agbára orin náà wà nínú bí àwọn ohun èlò ṣe ń dá ara wọn lóhùn: ìlù ń rọ́ lọ láìdúró, sasofóònù ń ké lókè, jìtá olóhùn ìsàlẹ̀, tí àwọn olórin ń pè ní béèsì, sì ń rìn nísàlẹ̀ bí ẹni tí ó mọ ibi tí ó ń lọ. Ipò tí ìyáàlù wà nínú ẹgbẹ́ onídùndún ni béèsì wà nínú makossa: òun ni atọ́nà.

Níbí ni ẹjọ́ ti dé. Okùn béèsì tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ jù lọ ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípíkà kékeré inú fóònù kò lè gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde, nítorí pé kò ní àyè tí yóò fi ti afẹ́fẹ́ tó. Òjìji béèsì ni a ń gbọ́ níbẹ̀, kì í ṣe béèsì. Bí a bá yọ ìyáàlù kúrò láàárín onídùndún, tí a fi gúdúgúdú nìkan sílẹ̀, ariwo yóò wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti tán. Nínú iṣẹ́ àbẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́, mo máa ń gbọ́ kí àwọn ọmọ máa ti inú fóònù kọ́ orin, wọn a sì mọ̀ ọ́n lórí dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n pé kí ni béèsì ń ṣe, wọn kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ̀bi wọn kọ́. Risífà tí kò ju wáàtì ogún lọ, pẹ̀lú sípíkà méjì tí ó ní ikùn, yóò fi atọ́nà náà hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìtàn orin yìí fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i pé etí tí a tọ́jú ní èrè. Ní New York, ọkùnrin kan tí à ń pè ní David Mancuso a máa pe àwọn ènìyàn wá sí ilé ara rẹ̀ láti gbọ́ orin kí wọ́n sì jó, ó sì gbajúmọ̀ fún àníyàn rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ohùn tí ó mọ́ gaara. Òun ni ó rí àwo Dibango ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará erékùṣù Karibíà ní Brooklyn. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni orin náà ti dé ọ̀dọ̀ Frankie Crocker, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò WBLS, nígbà tí ó sì di ọdún 1973, ó ti gun ipò 35 nínú ìwé ètò àwọn orin Amẹ́ríkà. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ àwo orin inú ilé àti rédíò, àwọn ohun méjì tí risífà so pọ̀, ni ó gbé ọmọ Douala dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Michael Jackson lo ìró kan láti inú orin náà nínú àwo rẹ̀ ti ọdún 1982, láìgba àṣẹ. Wọ́n sì fi owó parí rẹ̀ nígbà tó yá. Rihanna tún lo ìró kan náà ní ọdún 2007, Dibango sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ ní Paris ní ọdún 2009. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa ni ó mọ orin àwọn méjì wọ̀nyí, tí wọn kò mọ̀ pé ilé wa nítòsí ni wọ́n ti mú un. Ẹni tí kò bá mọ ohùn ẹran rẹ̀ kò lè mọ̀ ọ́n nínú agbo ẹlòmíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí orin ijó nìkan ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Douala náà ni wọ́n bí Francis Bebey sí ní ọdún 1929. Òǹkọ̀wé ni, onímọ̀ orin ni, ó sì kọ ìwé kan lórí orin ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1969. Bebey a máa mú fèrè kékeré àwọn ará inú igbó, èyí tí ohùn kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Á fọn ọ́n, á fi ohùn ẹnu ara rẹ̀ dá a lóhùn, títí tí fèrè àti ẹnu yóò fi di orin kan. Ẹwà irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú èémí àárín ohùn méjèèjì. Ẹ̀rọ tí ó mọ́ gaara ni ó lè mú èémí yẹn dé etí wa, ẹ̀rọ aláriwo kò lè ṣe é. Èmi fúnra mi ka Bebey sí olórin tí ọgbọ́n rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti Dibango lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkìkí rẹ̀ kò tó tirẹ̀.

Nígbà tí a ti yin ẹ̀rọ tó báyìí, ẹ jẹ́ kí a sọ àléébù rẹ̀ àti ti àwọn tí ń rà á. Èkíní ni ìfẹ́ wáàtì. Ní ọdún 1978, Pioneer gbé SX-1980 jáde pẹ̀lú wáàtì 270 fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. Ta ni ó nílò rẹ̀ nínú yàrá olùkọ́? Bí a bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, ìyàtọ̀ tí etí yóò mọ̀ kò tó nǹkan. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, wáàtì ní láti tó ìlọ́po mẹ́wàá. Àwọn Marantz kan tilẹ̀ fi iye wáàtì sí orúkọ: 2220 jẹ́ ogún, 2230 jẹ́ ọgbọ̀n. Ogún tó fún yàrá ìgbàlejò. Ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin lélẹ̀ ní ọdún 1974 pé agbára tí ẹ̀rọ lè máa mú jáde láìdánudúró ni kí àwọn oníṣòwò máa kéde. Nítorí náà ni wáàtì ogún ti ayé ìgbà náà fi lè ju ẹgbẹ̀rún tí wọ́n kọ PMPO sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lára àpótí olówó pọ́ọ́kú òde òní lọ, nítorí pé ìwọ̀n tí kò ní òfin ni PMPO.

Èkejì ni ọjọ́ orí. "Awọ fẹ́lẹ́ bonú, kò jẹ́ kí á rí ikùn aṣebi." Ojú risífà lè máa tàn bí ojú ológbò, kí inú rẹ̀ sì ti gbẹ. Kí a tó sanwó, kí a tan án fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí a yí gbogbo kọ́ńdọ́ rẹ̀ wò. Kí a gbọ́ apá òsì lọ́tọ̀ àti apá ọ̀tún lọ́tọ̀. Bí kọ́ńdọ́ bá ń ha nìkan, ìdọ̀tí ni, ó ṣe é fọ̀. Ṣùgbọ́n bí apá kan bá yadi tàbí tí ó ń kùn láìdákẹ́, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Kí a ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú: ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Japan ń lo fóòtì 100, ti Amẹ́ríkà ń lo 120, bí a bá kì í bọ iná wa tí ó ju 200 lọ láìsí tiransifọ́má, yóò jóná. Rédíò FM ti Japan àtijọ́ kò sì ju 90 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò wa wà lókè rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí ikùn ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, nítorí pé iná lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ okùn. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìyẹn.

Ìdájọ́ mi nìyí. "Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àkísà tí a kò bá rán kò lè bo ara. Risífà àtijọ́ tí kò gbówó lórí, tí a yẹ̀ wò kí a tó rà á, tí a sì tún ṣe, jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó dára jù tí owó oṣù olùkọ́ lè rà fún ilé rẹ̀, nítorí pé ó lè jẹ́ kí a gbọ́ gbogbo ohun tí olórin fi síbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má bi í léèrè iye wáàtì rẹ̀, ẹ má bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ gbé àwo Dibango sí i, kí ẹ sì pe àwọn ọmọ jókòó sáàárín sípíkà méjèèjì. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀lé béèsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wọ́n bá lè tẹ̀lé e, ẹ ra ẹ̀rọ náà.