Èdè Blaise àti Ìṣẹ̀dá Fọ́ọ̀mù Orí Kọ̀ǹpútà: Àgbéyẹ̀wò Agbára Akọfọ́ọ̀mù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí a ń kọ ọ̀rọ̀ sí lásán ni fọ́ọ̀mù; wọn kò kà á sí iṣẹ́ tí ẹnìkan fi èrò inú ara rẹ̀ ṣe. Ìdí nìyí tí àwọn lámèyítọ́ kì í fi í yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fọ́ọ̀mù bá ti di ohun tí a fi èdè kọ̀ǹpútà kọ, ó ti di àkọsílẹ̀ tí ó ní òǹkọ̀wé, ìyẹn akọfọ́ọ̀mù, tí ó sì ṣeé kà láti mọ ohun tí akọfọ́ọ̀mù náà gbà pé ó lè jẹ́ òtítọ́. Èdè Blaise ni iṣẹ́ yìí gùn lé.

Àjọ tí ó ń rí sí ìṣirò ní orílẹ̀-èdè Netherlands ni ó ṣẹ̀dá Blaise, ó sì jáde ní 1986. Orúkọ Blaise Pascal, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n fi sọ ọ́, nítorí pé èdè Pascal tí Niklaus Wirth gbé jáde ní 1970 ni wọ́n wò ṣe é. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà FIELDS ni akọfọ́ọ̀mù ti ń to ìbéèrè àti irú ìdáhùn tí ó tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí ó bá kọ 0..120 síwájú ọjọ́ orí, 121 kò lè wọlé. Lábẹ́ RULES ni ó ti ń sọ ìbéèrè tí yóò ṣáájú, èyí tí wọn yóò fò, àti àwọn ìdáhùn tí kò gbọdọ̀ tako ara wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni bí Blaise ṣe pín ìtakora sí ọ̀nà méjì. Èyí tí akọfọ́ọ̀mù bá pè ní CHECK kò gba àríyànjiyàn: fọ́ọ̀mù kò ní parí àfi bí ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn náà bá yí padà. Èyí tí ó bá pè ní SIGNAL ń kìlọ̀ ni. Afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lè tún bi onílé léèrè, kí ó sì jẹ́ kí ìdáhùn náà dúró bẹ́ẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, akọfọ́ọ̀mù lè kọ ọ́ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 15 kò lè ti wọlé ọkọ. Bí ó bá lo CHECK, ọmọ ọdún 14 tí wọ́n ti fi fọ́kọ yóò di ọmọ ọdún 15 nínú àkọsílẹ̀, tàbí kí ó di ẹni tí kò lọ́kọ. Ohun tí ìwádìí ìbá tú síta gan-an ni fọ́ọ̀mù yóò bò mọ́lẹ̀, dátà náà yóò sì mọ́ tónítóní. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fa ìyàtọ̀ yìí, ọ́fíìsì ni wọ́n sì ti kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn.

Bákan náà ni ti “mi ò mọ̀” àti “mi ò ní sọ”. Akọfọ́ọ̀mù ni ó ń yọ̀ǹda DONTKNOW tàbí REFUSAL. Bí kò bá yọ̀ǹda rẹ̀, arúgbó tí kò mọ ọdún tí wọ́n bí i yóò gba nọ́ńbà kan ṣáá.

Ó yẹ fún ìyìn pé Blaise gba ìbéèrè kan ní èdè púpọ̀ nínú fọ́ọ̀mù kan náà. Síbẹ̀, ìtumọ̀ yìí kò jinlẹ̀ tó bí ó ti rí lójú. Ọ̀rọ̀ ni ó ń yí padà. Àtòjọ ìdáhùn kò yẹ̀ kúrò ní bí akọfọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ti tò ó. Èdè Dutch, bíi Gẹ̀ẹ́sì, ń fi akọ àti abo ya ọmọ ìyá sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá túmọ̀ irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá, “arákùnrin” àti “arábìnrin” ni yóò hàn lójú kọ̀ǹpútà, Yorùbá tí ó dán mọ́rán sì ni. Ṣùgbọ́n onílé yóò ní, “Àbúrò mi ni.” Afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní láti tún béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin; ohun tí onílé kọ́kọ́ sọ, ìyẹn ta ni àgbà, kò sì ní àyè tí yóò wọ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá ni ó to FIELDS náà, àyè méjì ni ìbá ṣí: ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ọ̀kan fún akọ tàbí abo. Blaise kò ní dí i lọ́wọ́ rárá. Ẹ̀bi akọfọ́ọ̀mù ni, kì í ṣe ti èdè náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá ní kí ó túmọ̀ fọ́ọ̀mù ìwádìí gbọ́dọ̀ béèrè fún àtòjọ ìdáhùn àti RULES, kì í ṣe ìbéèrè nìkan.

Blaise tún jẹ́ kí afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kọ àkíyèsí mọ́ ìdáhùn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń kọ ọ́ sí etí ìwé láyé ọjọ́un. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ “àbúrò” àti ìyàwó ọmọ ọdún 14 lè fara pamọ́ sí. Ó dára pé ó wà, ṣùgbọ́n àkíyèsí kì í bá àwọn ìdáhùn yòókù dé inú tábìlì ìṣirò àfi bí ẹnìkan bá jókòó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.