«Orin ìbílẹ̀» kì í ṣe orúkọ ènìyàn: Lórí bí a ṣe ń fa orin ẹ̀fẹ̀ yọ nínú iṣẹ́ ìwádìí

Ẹni tó bá yẹ àwọn iṣẹ́ ìwádìí wa lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ilẹ̀ Kétu wò yóò rí i pé ọ̀nà méjì ni a sábà ń gbà ṣe àyọlò. Bí ọ̀rọ̀ bá ti inú ìwé wá, orúkọ, ọdún àti ojú-ìwé á tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ orin ẹ̀fẹ̀, «tradition orale» tàbí «orin ìbílẹ̀» nìkan ni a ń kọ sí abẹ́ rẹ̀. Èmi náà ṣe é. Nínú mémoire mi, mo pe bàbá tó dá ọ̀pọ̀ nínú orin tí mo lò ní «abẹ́nà ìmọ̀ kẹta». Nígbà tí mo mú ẹ̀dà kan lọ fún wọn, wọ́n ní kí ọmọ wọn kà á sí àwọn létí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n bi mí pé: «Ta ni ẹnì kẹta yìí?»

Àwíjàre wa ni pé orin àtayébáyé kò ní ẹni kan tó ni ín. Òótọ́ ni èyí fún orin kan. Ṣùgbọ́n ní 1975, A. I. Asiwaju fi orin ẹ̀fẹ̀ ṣe ẹ̀rí ìtàn ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Orin tó bá lè jẹ́rìí sí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní àkókò tí a dá a. Ohun tí a dá ní àkókò kan, ẹnì kan ló dá a. A kò lè gba ẹ̀rí kí a sì sẹ́ ẹlẹ́rìí.

Ọ̀pọ̀ wa ń sá sí abẹ́ òfin. Òfin 2005-30 ti oṣù kẹrin 2006, lórí ẹ̀tọ́ oǹkọ̀wé ní Bẹ̀nẹ̀, ka fọ́kílọ̀ọ̀ sí ogún orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n orin tí alààyè dá ní èṣí kì í di fọ́kílọ̀ọ̀ nítorí pé ojú agbo ni ó ti kọ ọ́. Àdéhùn Berne gbà wá láyè láti fa ọ̀rọ̀ yọ láìtọrọ àṣẹ, láìsan owó ẹ̀tọ́, bí àyọlò náà kò bá ju ohun tí a fẹ́ fi ṣe lọ, tí a sì dárúkọ oní-ǹkan bí orúkọ náà bá wà lára iṣẹ́ náà. Akọrin ẹ̀fẹ̀ a sì máa dárúkọ ara rẹ̀ nínú orin. Àwa ni a ń gé ibẹ̀ kúrò nígbà tí a bá ń dà á kọ.

Àwọn kan ń tọ́ka sí «fair use» òfin Amẹ́ríkà ti 1976. Ohun mẹ́rin ni òfin yẹn ní kí a wò. Dídárúkọ kò sí lára wọn. Ẹ̀wù tí a kò rán fún wa ni.

Ẹ̀fẹ̀ a máa bá ènìyàn wí ní gbangba, nítorí náà orúkọ lè kó bá akọrin. Kí a bi í léèrè ni, kí a má ṣe dáhùn fún un. Bí tẹ́ẹ̀sì bá sì di ìwé tàbí àwo orin títà tó kó odindi orin sínú, ó ti kọjá àyọlò. Àdéhùn àti owó ló kàn.

Orúkọ bàbá ti wà nínú tẹ́ẹ̀sì mi báyìí, pẹ̀lú ìlú àti ọdún tí wọ́n kọ orin kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo kà á fún wọn, wọ́n ní ó kù díẹ̀: kí n kọ orúkọ ẹni tó kọ́ àwọn ṣáájú tiwọn.