Ìjákulẹ̀ Kọ́: Ìperí fún Ìmọ̀ Òòfà

Ìṣòro ìperí sáyẹ́ǹsì kan olùkọ́ èdè Yorùbá ní Ifẹ̀ bí ó ti kan olùkọ́ èdè Ikwerre ní Isiokpo, ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lé ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Físíìsì kò sí lára iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí àlàfo yìí, atúmọ̀ a máa tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́lẹ́. Èyí ni a takò nínú bébà yìí.

Ẹ jẹ́ kí a wo òòfà. Átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dà bí òòfà kékeré tí a lè fi ọfà ṣàpèjúwe. Bí a bá pe 'spin' tí ó fa èyí ní 'pípòyì', akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé nǹkan kan ń pòyì níbẹ̀ bí òkòtó, bẹ́ẹ̀ kò sì rí bẹ́ẹ̀. 'Ọfà-òòfà' sàn jù.

Nínú àwọn ohun kan, ọfà méjì tí ó múlé ti ara wọn a máa fẹ́ kọjú sí òdìkejì ara wọn. Bí wọ́n bá di mẹ́ta ní igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí èkíní kọjú sókè, tí èkejì kọjú sílẹ̀, ibo ni ẹ̀kẹta yóò kọjú sí? Bí ó bá tẹ́ ọ̀kan lọ́rùn, yóò ṣẹ èkejì. G. H. Wannier ṣe ìṣirò irú ètò yìí ní 1950. Ní 1977 ni Gérard Toulouse pè é ní 'frustration'.

Àwọn kan lè túmọ̀ èyí sí 'ìjákulẹ̀'. Àṣìtumọ̀ ni. Ibi tí ìrètí pin sí ni ìjákulẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ètò tuntun ti lè jáde nínú òòfà. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní Japan kéde ohun tí wọ́n rí nínú Gd2PdSi3, tí átọ́ọ̀mù gadolinium rẹ̀ tò ní onígun mẹ́ta. Nínú òtútù líle, tí a bá fi agbára òòfà kàn án láti ìta, àwọn ọfà rẹ̀ a máa para pọ̀ di 'skyrmion': ti àárín kọjú sílẹ̀, ti etí kọjú sókè, àwọn tí ó wà láàárín méjèèjì sì ń yí díẹ̀díẹ̀. Fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi nanomita 2 sí 3 lọ.

Nítorí náà, 'àìṣeétẹ́lọ́rùnpọ̀' ni a dábàá. Òótọ́ ni pé ó gùn, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Bí àwa tí a ti ní ìwé ìperí bá ń ṣe àwòkọ Gẹ̀ẹ́sì, kí ni olùkọ́ Isiokpo yóò rí kọ́ lára wa?