ÀGBÉYẸ̀WÒ ORIN: "BOHEMIAN RHAPSODY" TÍ WỌ́N NÍ Ó GÙN JÙ

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Ẹ̀yin òǹkàwé wa, òwe yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nítorí pé èmi fúnra mi jẹ̀bi rẹ̀ nínú ilé mi ní Sabon Gari, ní Kano níbí. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní yunifásítì wá sílé fún ìsinmi, ó sì gbé orin òyìnbó kan sí i ní pálọ̀. Orin náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí orin ṣọ́ọ̀ṣì. Kí n tó mọ̀, àwọn kan ti ń pariwo, gìtá sì ti ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo ní kó pa á. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí ná." Mo jẹ́ kó parí. Nígbà tó parí, èmi náà ni mo ní kó tún un gbé sí i.

"Bohemian Rhapsody" ni orúkọ orin náà. Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní Queen, ló gbé e jáde ní 1975. Ohun tó dára nínú rẹ̀ àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ta ló kọ ọ́?

Freddie Mercury ló kọ orin náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀ nìyẹn. Farrokh Bulsara ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní Zanzibar, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1946. Ẹ̀yà Parsi ni wọ́n. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn baba ńlá ẹ̀yà yìí ti sá kúrò ní Páṣíà lọ sí Íńdíà nítorí ẹ̀sìn wọn. Láti Íńdíà ni àwọn òbí Farrokh ti wá sí Zanzibar, baba rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dojú ìjọba dé ní 1964, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ìdílé náà di ẹrù wọn, wọ́n kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí Feltham, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún 17 ni Farrokh nígbà náà. Àwa tí a ń gbé ìdálẹ̀, tí a mọ bí ènìyàn ṣe ń di ẹrù lóru nígbà rògbòdìyàn, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa.

Bí wọ́n ṣe ṣe é

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí orin náà ní sítúdíò Rockfield, nítòsí ìlú Monmouth ní Wales. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún lo sítúdíò mìíràn. Roy Thomas Baker ló bá wọn darí iṣẹ́ náà. Ó sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ọjọ́ tí Mercury kọ́kọ́ tẹ orin náà fún òun lórí dùùrù, ó tẹ apá àkọ́kọ́, ó dáwọ́ dúró, ó sì ní ibẹ̀ ni ọ́pẹ́rà yóò ti wọlé. Gbogbo rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀.

Ọ́pẹ́rà ni eré orí ìtàgé tí a ń fi orin sọ. Ẹni tó bá mọ *Ọba Kò So* tí Dúró Ládípọ̀ ṣe yóò mọ ohun tí mo ń wí. Nínú orin yìí, ohùn nìkan ló bẹ̀rẹ̀, dùùrù tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọmọ kan sí ìyá rẹ̀, gìtá Brian May dá sí i, ọ́pẹ́rà wọlé, rọ́ọ̀kì líle bú sẹ́kún, gbogbo rẹ̀ sì rọlẹ̀, títí agogo ńlá kan fi dún ní ìparí.

Ẹ ó rò pé ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló wà nínú apá ọ́pẹ́rà náà. Ènìyàn mẹ́ta péré ni: Mercury, May àti Roger Taylor tó ń lùlù, tó sì ń mú ohùn òkè. John Deacon ní tirẹ̀ ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Nígbà náà, kò sí kọ̀ǹpútà tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Téèpù tí ojú ìgbohùn rẹ̀ jẹ́ 24 ni wọ́n lò. Wọn a kọrin, wọn a kó ohùn náà pọ̀ sójú kan, wọn a tún kọ mìíràn lé e. Apá yẹn nìkan gbà wọ́n ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní téèpù náà kọjá lójú ẹ̀rọ títí tó fi fẹ́lẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá.

"Ẹ gé e kúrú"

Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú àáyá 55 ni orin náà. Àwọn ọ̀gá ní EMI, ilé iṣẹ́ tí yóò tẹ àwo náà, ní ó ti gùn jù, pé rédíò kò ní gbé e. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n mọ̀ mọ́ àwo kékeré tó ń gba orin kan ṣoṣo lójú kọ̀ọ̀kan. Queen kọ̀ jálẹ̀: bí wọn kò bá gbé e ní odindi, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Kenny Everett, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní Capital Radio ní Lọ́ńdọ̀nù, ló tú u sílẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀dà kan, wọ́n sì ní kó má gbé e sáfẹ́fẹ́. Ó gbé e nígbà 14 láàárín ọjọ́ méjì. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwo tí kò tíì jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1975, ó jáde, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ní ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orin tó gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni "Mamma Mia" ti ẹgbẹ́ ABBA láti Sweden.

Bí ó bá jẹ́ àgbà Yorùbá ni wọ́n bi léèrè, ẹ̀rín ni ìbá rín. Ìṣẹ́jú mẹ́fà! Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, Ebenezer Obey àti Sunny Adé ń ṣe àwo jùjú tí orin rẹ̀ ń ṣàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí ojú kan láìdúró. "Zombie" tí Fẹlá ṣe ní 1976 gba odindi ojú kan, ó lé ní ìṣẹ́jú 12. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n gé e kí ijó lè dùn. Orin kò gùn, kò kúrú. Ohun tó yẹ kí a bi í ni bóyá ó ní nǹkan í sọ títí dé ìparí. Orin Queen ní in. Ẹ yọ apá kan kúrò, ìyókù kò nítumọ̀ mọ́.

Ìdájọ́ mi

Ọmọ kan pa ènìyàn, ó wá ń jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ. Nínú apá ọ́pẹ́rà, àwọn kan ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn kan ń kọ̀. Lílé àti ègbè ni, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe é nílé, àfi pé ẹjọ́ ni wọ́n ń fi rò. Ẹ ó tilẹ̀ gbọ́ "Bísímílà" níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ ní Kano láràárọ̀. Ọmọ tí a bí sí Zanzibar kò lè ṣàì mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn mẹ́ta ni mo ní. Èkíní, wọn kò lè kọ apá ọ́pẹ́rà náà lójú agbo. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọn a kúrò lórí ìtàgé, téèpù a máa kọrin. Fẹlá kì í kọ orin tó ti wọ inú àwo lójú agbo mọ́, tuntun ni yóò gbé wá. Èkejì, kò sí ẹni tó dárúkọ ẹni tó kú. Ọmọ ta ni? Ta ló sin ín? Orin náà ṣàánú apànìyàn, ó sì gbàgbé òkú. Níparí, ọmọ náà ní kò sí ohun tó já mọ́ nǹkan kan mọ́ lójú òun. Yorùbá kò lè gba ìyẹn wọlé. Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù: ìyá kò fèsì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ fi wé "Sweet Mother" tí Prince Nico Mbarga àti Rocafil Jazz gbé jáde ní 1976 láti Oníṣà. Nínú tirẹ̀, a rí gbogbo ohun tí ìyá ṣe. Nínú ti Queen, etí lásán ni ìyá.

Síbẹ̀, bóyá òótọ́ tí orin náà ń sọ nìyẹn. Ọmọ tó wà ní ìdálẹ̀ a máa ní ọ̀rọ̀ lọ́kàn tí kò lè sọ nílé, nítorí ó mọ̀ pé wọ́n á ní kó gé e kúrú. Mercury kò túmọ̀ orin náà títí àrùn AIDS fi pa á ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá, ọdún 1991. Ọjọ́ kan péré ṣáájú ikú rẹ̀ ló tó sọ ọ́ ní gbangba pé àrùn náà ń ṣe òun. Wọ́n tún àwo náà gbé jáde ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún gba ipò kìíní fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n sì fi owó rẹ̀ ran àwọn tó ń tọ́jú aláàrùn náà lọ́wọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá gbé orin tí ẹ kò mọ̀ sí i, ẹ má kánjú pa á. Ẹ jókòó tì í, kó parí, kí ẹ sì béèrè ohun tó rí nínú rẹ̀. Èmi béèrè. Ọmọ mi dákẹ́ díẹ̀, ó wá sọ fún mi pé òun ti kùnà nínú ìdánwò kan láti ọdún tó kọjá, òun kò sì mọ bí òun yóò ṣe sọ ọ́. Mo fèsì.